Tí VM kò bá tan tàbí tí fódà àjọlò bá ṣófo: bí ẹ ṣe lè tún sáfà fíìmù inú ilé yín ṣe

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lemọ́lemọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Òṣogbo tí wọ́n ti sọ kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ di sáfà (server) fíìmù nínú pálọ̀, pẹ̀lú VM (virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà aláfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) àti Jellyfin (ètò tó ń pín fíìmù fún tẹlifíṣọ̀n àti fóònù inú ilé): “Iná lọ, iná dé, VM tan, ṣùgbọ́n Jellyfin ní kò sí fíìmù kankan. Ṣé gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn?”

Ó ṣọ̀wọ́n kó lọ. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé VM ti jí kí díìsìkì tí fíìmù wà nínú rẹ̀ tó jí, ó wá ń wo fódà òfìfo. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó bàjẹ́: iná, díìsìkì, kọ̀ǹpútà, VM, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fódà, ẹ̀tọ́ láti wọlé, kó tó wá kan Jellyfin àti tẹlifíṣọ̀n. Òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yọ Jellyfin kúrò, wọ́n á tún un gbé sí i, wọ́n á jó dátà lé e lórí, nígbà tó jẹ́ pé wáyà USB ló tú.

Mo gbà pé báyìí ni tiyín ṣe rí: Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà, VirtualBox (ètò tó ń gbé VM ró) wà lórí Windows, Ubuntu Server (oríṣi Linux kan) wà nínú VirtualBox, Jellyfin sì wà nínú Ubuntu. Kọ̀ǹpútà gidi ni màá máa pè ní onílé, VM ni àlejò. Ẹni tó ń lo Linux tàbí Proxmox (ètò míì tó ń gbé VM ró) gẹ́gẹ́ bí onílé máa rí ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀. Nínú àwọn àpẹẹrẹ, Fiimu ni orúkọ fódà, Sinima ni orúkọ VM, 192.168.1.10 ni àdírẹ́sì onílé. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

- Ẹ má tẹ “Scan All Libraries” nínú Jellyfin nígbà tí fódà ṣófo. Ó lè rò pé ẹ ti pa àwọn fíìmù yẹn rẹ́, kó sì yọ wọ́n kúrò nínú àkójọ rẹ̀.
- Tí Windows bá ní “You need to format the disk before you can use it”, Cancel ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.
- Tí ẹ bá ń yọ VM kúrò nínú VirtualBox, ẹ má tẹ “Delete all files”. Fáìlì .vdi yẹn ni gbogbo ara àlejò yín.
- Ẹ má sáré lọ tẹ `chmod -R 777`. Lórí fódà tó wá láti Windows, kì í sábà yí nǹkankan padà. Lórí díìsìkì Linux, ó ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé.

## 1. Iná àti díìsìkì

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí plọ́ọ̀gì díìsìkì wà. Díìsìkì ńlá, ìyẹn 3.5 inch, ní ádápútà tirẹ̀. Ní ilé púpọ̀ tí wọ́n ti pè mí, láti Òkè-Fìà dé Ògo-Olúwa, kọ̀ǹpútà wà lórí ínfátà, ṣùgbọ́n ádápútà díìsìkì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán. Iná lọ, kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ mì, díìsìkì kú fin-ín. Kò sí àṣẹ tí ẹ lè tẹ̀ sínú Ubuntu tó máa wo ìyẹn sàn. Ẹ kó kọ̀ǹpútà, díìsìkì àti ráútà sórí ẹsiténṣọ̀n kan náà, kí ẹsiténṣọ̀n yẹn sì wà lórí ínfátà.

Lẹ́yìn ìyẹn:

1. Díìsìkì kékeré, 2.5 inch, máa ń gba iná láti ojú USB. Ẹ so ó mọ́ ojú USB tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti iwájú, ẹ sì lo wáyà kúkúrú.
2. Ẹ fetí sí i. Tó bá ń ró kọ́-kọ́-kọ́ tó sì ń dúró, ó ń kú lọ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó ṣe pàtàkì kúrò nínú rẹ̀ (fídíò ìgbéyàwó, fọ́tò àwọn òbí, kì í ṣe fíìmù tí ẹ lè tún rí gbà). Ẹ má ṣe chkdsk fún díìsìkì tó ń ró báyìí, ẹ máa kàn túbọ̀ pa á lára ni.
3. Ẹ wo lẹ́tà díìsìkì ní Windows. Tó bá jẹ́ E: lánàá, tí ẹnìkan wá ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ó lè ti di F: lónìí. VirtualBox ṣì ń wá E:. Ẹ tẹ Windows àti X pọ̀, ẹ yan Disk Management, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí díìsìkì náà, ẹ yan “Change Drive Letter and Paths”, kí ẹ fún un ní M:. Lẹ́tà tó jìnnà ni mo fẹ́ràn, torí fúláàṣì kì í sábà dé ibẹ̀.
4. Tí díìsìkì bá hàn ṣùgbọ́n tí àwọn fódà kan kò ṣí, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí ẹ tẹ:

`chkdsk M: /f`

Ẹ̀yin tí onílé yín jẹ́ Linux, `lsblk -f` ni kí ẹ fi wò ó. Tí díìsìkì NTFS (irú tí Windows ń lò) bá ṣí fún kíkà nìkan tí kò gba kíkọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí Windows tí wọ́n kò pa tán ló ti kúrò. “Fast Startup” ló máa ń fa ìyẹn. Ẹ dá a padà sórí Windows náà, ẹ pa Fast Startup, ẹ pa kọ̀ǹpútà dáadáa, kí ẹ tó yọ díìsìkì.

## 2. Àlejò kọ̀, kò tan

Ẹ ka ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà. Àwọn èèyàn máa ń fò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

“VT-x is disabled in the BIOS” tàbí “AMD-V is disabled in the BIOS”. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tó wá ń sọ báyìí, ẹ wo aago kọ̀ǹpútà. Tí déètì bá ti padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́, bátìrì inú bọ́ọ̀dù ló kú. Bí iná ṣe lọ pátápátá báyìí, BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó jí) gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ sọ fún un, ó sì pa ohun tí VM nílò. Nínú kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀, èyí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi owó ẹyọ ni, CR2032 ni wọ́n kọ sára rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ sì máa rí i rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ pààrọ̀ bátìrì.
2. Ẹ tan án, ẹ máa tẹ F2, F10 tàbí Delete, bí kọ̀ǹpútà yín bá ṣe ń ṣe é, láti wọ BIOS.
3. Ẹ tún déètì ṣe. Déètì tí kò tọ́ máa ń dí ìkànnì tó ní HTTPS lọ́wọ́, `apt update` pẹ̀lú yóò máa ṣe wàhálà.
4. Ẹ wá “Intel Virtualization Technology” tàbí “SVM Mode”, ẹ tan án. Ẹ fi pamọ́, kí ẹ jáde.

Àlejò tan, ṣùgbọ́n ó ń fà bí ìgbín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún fèrèsé VM. Tí ẹ bá rí àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé, ó túmọ̀ sí pé Hyper-V (ètò VM ti Windows fúnra rẹ̀) ló ti gba ipò lọ́wọ́ VirtualBox. Ẹ lọ sí “Turn Windows features on or off”, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Hyper-V, Virtual Machine Platform àti Windows Hypervisor Platform. Tí ìjàpá kò bá lọ, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator:

`bcdedit /set hypervisorlaunchtype off`

Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Ìkìlọ̀ kan: WSL2 àti Docker tó gbára lé e kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ pinnu èwo lẹ fẹ́.

Ó kọ “Aborted”, tàbí ó ní òun kò lè ṣí “saved state”. Iná ló gé mọ́ ọn lọ́wọ́. “Aborted” kì í ṣe àìsàn, ẹ kàn tẹ Start. Tí saved state bá ti bàjẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí VM náà, ẹ yan “Discard Saved State”. Ohun tó wà nínú RAM nìkan ló máa lọ, díìsìkì àlejò wà níbẹ̀. Ní Proxmox, tó bá ní VM wà ní títì, tí ẹ sì dá yín lójú pé kò sí bákọ́ọ̀pù tó ń lọ lọ́wọ́, `qm unlock 100` ló ń ṣí i. Ẹ fi nọ́ńbà VM tiyín sípò 100.

Ó dúró sí “(initramfs)”. Fáìlì inú àlejò ló dàrú nígbà tí iná lọ. Lókè ọ̀rọ̀ yẹn, ó máa ń dárúkọ ibi tó ní àbùkù, bíi /dev/sda2. Ẹ tẹ `fsck -y /dev/sda2`, ẹ jẹ́ kó parí, kí ẹ tẹ `exit`.

Ó ń ka “A start job is running for…” títí tó fi pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó wá já sí “emergency mode”. Nínú /etc/fstab (fáìlì tó ń sọ fún Ubuntu àwọn díìsìkì tó máa ṣí nígbà tó bá ń tan), ìlà kan wà tó ń wá díìsìkì tí kò sí. Ẹ wọlé, ẹ ṣí fáìlì náà pẹ̀lú `sudo nano /etc/fstab`, ẹ fi `nofail` kún ìlà díìsìkì fíìmù. Láti ìgbà náà, àlejò yóò máa tan bí díìsìkì bá tilẹ̀ wà ní ọjà.

VM dá dúró fúnra rẹ̀, ó ní “disk full”. Díìsìkì onílé ló kún. Ẹ wo Snapshots (àwòkọ VM tí ẹ fi pamọ́ láti padà sí) nínú VirtualBox. Àwọn kan ya mẹ́wàá sílẹ̀ wọ́n sì gbàgbé. Ẹ pa èyí tó ti gbó rẹ́ láti inú VirtualBox fúnra rẹ̀, ẹ má lọ fọwọ́ pa fáìlì rẹ́ nínú fódà. Ṣùgbọ́n pípa snapshot rẹ́ náà ń fẹ́ àyè díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó nǹkan míì kúrò.

## 3. Àlejò tan, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kò rí i

1. Nínú àlejò, ẹ tẹ `ip a`. Ẹ wá nọ́ńbà tó tẹ̀lé “inet”, yàtọ̀ sí 127.0.0.1.
2. Tó bá jẹ́ 10.0.2.15, NAT lẹ wà. Àlejò ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ará ilé kankan ò rí i. Ẹ pa VM, ẹ lọ sí Settings, Network, ẹ yí “Attached to” sí Bridged Adapter, kí ẹ yan káàdì tí wáyà ráútà wà lára rẹ̀.
3. Ẹ tan án, ẹ tún tẹ `ip a`. Ó yẹ kí nọ́ńbà rẹ̀ jọ ti fóònù yín, bíi 192.168.1.23.
4. Lórí fóònù tó wà lórí Wi-Fi ilé, ẹ kọ `http://192.168.1.23:8096` sínú bíráúsà.
5. Tí kò bá ṣí, ẹ tẹ `sudo ufw status`. Tó bá “active”, ẹ tẹ `sudo ufw allow 8096/tcp`.

Ibi tó ń fún àwọn èèyàn ní ẹ̀fọ́rí jù ni Wi-Fi. Bridged lórí Wi-Fi lè ṣiṣẹ́, ó sì lè kọ̀ jálẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ráútà kì í gbà kí ẹ̀rọ méjì gba ojú Wi-Fi kan ṣoṣo wọlé. Wáyà ni mo máa ń sọ fún wọn. Tí ẹ kò bá ní ju MiFi tí kò ní ojú wáyà lọ, ẹ padà sí NAT, ẹ tẹ “Port Forwarding”, ẹ kọ 8096 sí Host Port àti 8096 sí Guest Port. Àdírẹ́sì onílé ni ẹ ó wá máa kọ sórí fóònù: `http://192.168.1.10:8096`. Windows Firewall lè béèrè bóyá kí ó gba VirtualBox láyè, ẹ gbà fún un lórí Private.

Ẹ tún wo bóyá “AP isolation” tàbí “client isolation” wà ní títàn nínú ráútà tàbí MiFi. Tó bá wà, àwọn ẹ̀rọ inú ilé kò ní lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ bó ti wù kí ètò yín dára tó.

Tí àdírẹ́sì bá ń yí padà lójoojúmọ́, ẹ wọ inú ráútà, ẹ wá “DHCP reservation” tàbí “address reservation”, ẹ so nọ́ńbà kan mọ́ onílé, kí ẹ so òmíràn mọ́ àlejò.

Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá wíwo fíìmù báyìí ń jẹ dátà: kò jẹ ẹ́. Inú ilé ni fíìmù ti jáde, inú ilé ló sì dé. Àwòrán iwájú fíìmù tí Jellyfin ń fà wá láti íntánẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ díẹ̀.

## 4. Fódà àjọlò

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

### Ọ̀nà kìíní: fódà VirtualBox

1. Ní Settings VM, Shared Folders, ẹ rí i pé fódà náà wà lábẹ́ Machine Folders, kì í ṣe Transient. Transient máa ń lọ bí ẹ bá ti pa VM.
2. Ẹ sàmì sí Auto-mount. Orúkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní àyè láàárín. “Fiimu” dára, “Fiimu Ile Wa” yóò dá wàhálà sílẹ̀.
3. Nínú àlejò:

`sudo apt install virtualbox-guest-utils`

4. Ẹ tún àlejò tàn, ẹ tẹ `ls /media`. Ẹ ó rí sf_Fiimu.
5. Ẹ fi Jellyfin sínú ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ láti wọ ibẹ̀:

`sudo usermod -aG vboxsf jellyfin`
`sudo systemctl restart jellyfin`

6. Ẹ wá dán an wò bí ẹni pé ẹ̀yin ni Jellyfin:

`sudo -u jellyfin ls /media/sf_Fiimu`

Àṣẹ ìkẹfà yẹn ni kí ẹ há sórí. Èèyàn á ní “mo rí fíìmù náà nínú fódà, kí ló dé tí Jellyfin ò rí i?” Ẹ̀yin rí i torí pé `sudo` lẹ fi wò ó. Orúkọ tirẹ̀ ni Jellyfin ń jẹ́ nínú Ubuntu, kò sì ní ju ẹ̀tọ́ orúkọ yẹn lọ. Tí àṣẹ yìí bá kọ “Permission denied”, ìgbésẹ̀ karùn-ún kò tíì wọlé. Tó bá ka àwọn fíìmù jáde, ọ̀ràn fódà ti parí, ẹ kọjá sí Jellyfin.

Àwọn èsì tí ẹ lè bá pàdé tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín tẹ àṣẹ `mount` láti ṣí fódà náà:

- “wrong fs type” tàbí “unknown filesystem type 'vboxsf'”: àwọn irinṣẹ́ àlejò kò sí, tàbí Ubuntu ti gba kernel (ọkàn Linux) tuntun tí wọn kò bá mu mọ́. Ẹ tún wọn gbé sí i.
- “Protocol error”: orúkọ tí ẹ tẹ̀ kò bá orúkọ tó wà nínú Shared Folders mu. Lẹ́tà ńlá àti kékeré ṣe pàtàkì.
- Fódà hàn, òfìfo ni: ẹ padà sí ìpín 1. Lẹ́tà díìsìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

### Ọ̀nà kejì: fódà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń ṣiṣẹ́ ní VirtualBox, ní Proxmox, àti fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwọn ọmọ ń lò, kò sì bìkítà fún kernel tuntun.

Lórí Windows, ẹ ṣe orúkọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator:

`net user fiimu * /add`

Yóò ní kí ẹ tẹ password. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí fódà, Properties, Sharing, Advanced Sharing, Permissions, ẹ fi fiimu sí i pẹ̀lú Read. Ẹ tún lọ sí Security lójú kan náà, ẹ fi fiimu sí i níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi méjèèjì ni. Bí Sharing bá gbà tí Security kò gbà, kò gbà náà nìyẹn. Ẹ sì rí i pé Windows ka Wi-Fi tàbí wáyà ilé yín sí Private network, kì í ṣe Public.

Kí ló dé tí ẹ kò fi ní lo orúkọ tiyín? Nítorí PIN. Ọ̀pọ̀ ń fi PIN oní nọ́ńbà mẹ́rin ṣí Windows, wọ́n wá lọ tẹ PIN yẹn sínú Ubuntu. PIN kò lè ṣí fódà láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láéláé. Password gidi ló ń béèrè, ẹlòmíràn ò sì rántí tirẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó ti ra kọ̀ǹpútà.

Nínú àlejò:

1. `sudo apt install cifs-utils`
2. `sudo mkdir -p /mnt/fiimu /etc/samba`
3. `sudo nano /etc/samba/fiimu.cred`, kí ẹ kọ ìlà méjì sínú rẹ̀: `username=fiimu`, lẹ́yìn náà `password=` àti password yín.
4. `sudo chmod 600 /etc/samba/fiimu.cred`
5. Ẹ fi ìlà kan yìí sí ìparí /etc/fstab:

`//192.168.1.10/Fiimu /mnt/fiimu cifs credentials=/etc/samba/fiimu.cred,uid=jellyfin,gid=jellyfin,iocharset=utf8,vers=3.0,_netdev,nofail 0 0`

6. `sudo mount -a`. Tí kò bá sọ nǹkankan, ó ti gbà. Ẹ má tún àlejò tàn kí ẹ tó dán èyí wò.
7. `sudo -u jellyfin ls /mnt/fiimu`

Tó bá bínú, nọ́ńbà tó wà nínú àkámọ́ ni kí ẹ wò:

- 13: orúkọ tàbí password kò tọ́, tàbí ẹ gbàgbé apá Security.
- 2: orúkọ fódà kò bá ti Windows mu, tàbí /mnt/fiimu kò sí.
- 112: onílé ti kú, tàbí ẹ̀dà SMB (èdè tí Windows fi ń pín fódà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kò bára mu. Ẹ wo `vers=`.
- 113: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ tẹ `ping 192.168.1.10`, kí ẹ padà sí ìpín 3.

Tó bá jẹ́ Linux ni onílé, tí Samba sì ń pín fódà, `testparm` máa sọ bí àṣìṣe bá wà nínú smb.conf, `sudo smbpasswd -a fiimu` ló sì ń fún orúkọ náà ní password Samba. Password Linux àti ti Samba kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ tún ṣọ́ díìsìkì tí Ubuntu gbé fúnra rẹ̀ sí /media/orúkọyín: ẹlòmíràn kò ní ẹ̀tọ́ láti kọjá fódà yẹn, Jellyfin pẹ̀lú. Ẹ gbé e sí /mnt nípasẹ̀ fstab pẹ̀lú UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ díìsìkì) tí `sudo blkid` bá kọ.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti fódà tí kò ní password: láti Samba 4.11 ni wọ́n ti pa SMB1 (ẹ̀dà SMB àtijọ́) tì, Windows 11 Pro ẹ̀dà 24H2 náà kì í sì í gbà láti wọ fódà tó jẹ́ ti “guest”. Ẹ má tan SMB1 padà nítorí tẹlifíṣọ̀n kan. Ẹ gbé áàpù Jellyfin sórí rẹ̀, tàbí kí ẹ lo DLNA (ọ̀nà tí tẹlifíṣọ̀n fi ń rí fíìmù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé).

## 5. Orúkọ fáìlì tó ní àmì ohùn

Ẹni tó ń tọ́jú fídíò ọdún Ọ̀ṣun máa ń fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n tí orúkọ bá ń hàn bíi “??un”, `iocharset=utf8` tó wà nínú ìlà òkè yẹn ló máa tún un ṣe. Wàhálà kejì fara sin ju bẹ́ẹ̀ lọ: fóònù lè kọ Ọ ní ẹyọ kan, kí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ ní O pẹ̀lú àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni, ẹ ó sì máa wá fáìlì tí ẹ ń wò níwájú yín. Èmi máa ń kọ orúkọ fáìlì láìsí àmì, “Odun Osun 2024.mp4”, màá wá kọ orúkọ gidi pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú Jellyfin, ní Edit metadata.

## 6. Kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ

1. Nínú BIOS, ibi “Restore on AC Power Loss”, ẹ yan Power Off. Mo mọ̀ pé ìtọ́sọ́nà ilẹ̀ òkèèrè máa ń ní Power On. Níbí, iná lè dé, kó lọ, kó tún dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kọ̀ǹpútà á sì máa fara gba gbogbo lílọ-bíbọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí iná dúró ná, kí ẹ fọwọ́ ara yín tan án.
2. Ẹ tan díìsìkì àti ráútà, lẹ́yìn náà onílé, kí àlejò kẹ́yìn.
3. Fún ẹ̀yin tó lo ọ̀nà kejì ní ìpín 4 (èyí àti ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e): ẹ sọ fún Jellyfin pé kó má jí tí fódà kò bá sí. Ẹ tẹ `sudo systemctl edit jellyfin`, ẹ kọ ìlà méjì yìí:

`[Unit]`
`RequiresMountsFor=/mnt/fiimu`

Tí díìsìkì kò bá tíì dé, Jellyfin kò ní ṣí rárá. Ìyẹn sàn ju kó ṣí kó máa yọ fíìmù yín kúrò. Bí díìsìkì bá ti dé, `sudo mount -a`, lẹ́yìn náà `sudo systemctl start jellyfin`.

4. Ẹ ti fódà òfìfo pa. Nígbà tí fíìmù kò sí lórí /mnt/fiimu (`mountpoint /mnt/fiimu` máa sọ), ẹ tẹ `sudo chattr +i /mnt/fiimu`. Ohunkóhun tó bá fẹ́ kọ fáìlì síbẹ̀ nígbà tí díìsìkì kò sí kò ní rí àyè, díìsìkì àlejò kò sì ní kún láìnídìí.
5. Tí ínfátà bá ti ń ké, ẹ má fa wáyà. Lórí onílé, nínú fódà VirtualBox:

`VBoxManage controlvm Sinima acpipowerbutton`

Àlejò á pa ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ pa Windows.

## 7. Fíìmù ṣí, ṣùgbọ́n ó ń dúró-dúró

Ẹ kúrò lórí fódà, ó ṣeé ṣe kó má sí lára rẹ̀. Nígbà tí fíìmù bá ń ṣeré, ẹ tẹ `top` nínú àlejò. Tí ẹ bá rí ffmpeg tó ń jẹ gbogbo agbára CPU, Jellyfin ń yí fíìmù padà torí tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀ ọ́n kà. VM inú VirtualBox kì í rí káàdì àwòrán onílé lò, CPU nìkan ló ń ru ú. Fáìlì HEVC 10-bit àti àkọlé (subtitle, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù) tó jẹ́ àwòrán ló burú jù. Ẹ pa àkọlé náà, tàbí kí ẹ yí fíìmù sí H.264 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní òru tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ẹ lè fún àlejò ní core 2 àti RAM 4 GB. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún un, onílé náà gbọ́dọ̀ mí.

## 8. Ṣé dandan ni VM?

Fún ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń béèrè, kì í ṣe dandan. Tó bá jẹ́ Jellyfin nìkan lẹ fẹ́, ó wà fún Windows tààrà. Ẹ gbé e sórí onílé, ẹ júwe M:\Fiimu fún un, ìpín 2 títí dé 4 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́rùn yín, káàdì àwòrán pàápàá á ṣeé lò. VM wúlò tí ẹ bá fẹ́ kọ́ Linux, tàbí tí kọ̀ǹpútà náà tún ń ṣe iṣẹ́ míì tí ẹ kò fẹ́ kó dàrú. Kọ̀ǹpútà tó ní RAM 4 GB péré kò ní agbára onílé àti àlejò pọ̀.

## 9. Tí ẹ bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Bóyá èmi lẹ kọ̀wé sí, bóyá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọláìyá lẹ gbé e lọ bá, “kò ṣiṣẹ́” kò tó. Ẹ ya fọ́tò èsì àwọn wọ̀nyí, kí ẹ sì bo password mọ́lẹ̀ tó bá hàn:

- `ip a`
- `df -h`
- `findmnt /mnt/fiimu`
- `sudo -u jellyfin ls /mnt/fiimu`
- `sudo journalctl -u jellyfin -n 30`
- ọ̀rọ̀ tó hàn gan-an nígbà tó kọ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà
- ohun tó yí padà kẹ́yìn: iná, ráútà tuntun, Windows tó ṣe update lóru

Tí `findmnt` kò bá kọ ohunkóhun, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ lọ wo plọ́ọ̀gì díìsìkì.